Owó Ìrànwọ́ Àgbẹ̀ ní Arkansas: Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Ìwé?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín bi mí pé: nígbà tí kòrónà dé, tí ìjọba Amẹ́ríkà pín owó fún àgbẹ̀, ṣé owó náà dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oko gan-an? Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ọdún 1933, ní ìpínlẹ̀ Arkansas.

Iye tí wọ́n ń ta òwú ti já wálẹ̀ nígbà náà. Ìjọba Roosevelt ní kí àgbẹ̀ dín òwú tí wọ́n ń gbìn kù kí iye rẹ̀ lè gòkè, kí ìjọba sì sanwó ilẹ̀ tí wọ́n bá fi sílẹ̀. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni owó ń bọ́ sí. Àwọn tó ń gbin òwú ọ̀hún ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn, dúdú àti funfun, kò ní ilẹ̀. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ti ń dáko, tí wọ́n sì ń bá a pín ìkórè. Ó jọ ìṣákọ́lẹ̀ tiwa díẹ̀, àmọ́ tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gbèsè ọjà àwìn kì í tán lọ́rùn wọn. Ó yẹ kí onílẹ̀ fún wọn ní ìpín tiwọn. Ọ̀pọ̀ kò fún wọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ lé wọn kúrò lórí ilẹ̀. Ìgbìmọ̀ káúńtì tí ìbá gbọ́ ẹjọ́ wọn, onílẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ta ni wọn ó wá fẹjọ́ sùn? Ní July 1934, ọkùnrin 18, funfun 11, dúdú 7, pàdé lẹ́bàá Tyronza ní Poinsett County, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Southern Tenant Farmers' Union sílẹ̀.

Ó yá, ká padà sí 2020. Àwọn ilé-ìpẹran ńlá tì, ilé ìwé àti ilé oúnjẹ kò ra ọjà mọ́, àwọn àgbẹ̀ kan ń da wàrà sílẹ̀. Ní April, ìjọba kéde bílíọ̀nù 16 dọ́là tí wọn ó san fún àgbẹ̀ ní tààrà. Láti May ni wọ́n ti ń gba ìwé ìbéèrè ní ọ́fíìsì ìjọba tó wà ní káúńtì kọ̀ọ̀kan. Ẹran tàbí irè oko tó jẹ́ tìrẹ ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ, kò sì gbọdọ̀ ju 250,000 dọ́là lọ fún ẹnì kan.

Ẹ wá wo àwọn tó ń sin adìyẹ ní Arkansas kan náà. Àgbẹ̀ ló yá owó kọ́lé adìyẹ, òun ló ń tọ́jú wọn. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló ni òròmọdìyẹ, ló sì ni oúnjẹ wọn. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá tètè kó òròmọdìyẹ mìíràn wá, owó dín, gbèsè kò dúró. Ṣùgbọ́n adìyẹ kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà owó àkọ́kọ́ yẹn kò kàn án. Ó di December 2020 kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó fọwọ́ sí owó tí kò ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ fún irú wọn. August 2021 ni ìjọba tó kéde bí wọn ó ṣe san án.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo ń kọ́ yín ni pé ọ̀kánjúà onílẹ̀ ló ba ètò 1933 jẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tó. Ní 2020, ẹnikẹ́ni kò jí owó ẹlẹ́adìyẹ. Ìwé ìbéèrè ni kò mọ̀ ọ́n. Ìwé náà béèrè ẹni tó ni ín, kò béèrè ẹni tó pàdánù. Torí náà, nígbàkígbà tí ìjọba bá ní òun fẹ́ ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, ibi yòówù kó jẹ́, ẹ má kọ́kọ́ bi wọ́n pé èló ni. Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù hàn yín.