Àjọ Kò Tó, Àáró Ni: Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọyàn Láàrin Àwọn Obìnrin Ìdànrè

Bí àwọn onímọ̀ bá ń kọ̀wé lórí obìnrin ìgbèríko tí àrùn jẹjẹrẹ ọyàn ń bá jà, àforítì ni wọ́n sábà máa ń yìn: ó ní ìgbàgbọ́, ọkàn rẹ̀ le, kò sọ̀rètí nù. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n àforítì kì í san owó ọkọ̀. Èrò mi ni pé ní ibi bíi Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ètò ló ń mú obìnrin la ìtọ́jú já ju ọkàn líle lọ: ta ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù wo, ta ni yóò bá a jókòó ti abẹ́rẹ́, ta ni yóò dúró ti igbá rẹ̀ lọ́jà. Ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. A kàn ń mú èyí tí kò yẹ lò ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ìṣirò GLOBOCAN, ètò tó ń ṣírò jẹjẹrẹ káríayé, fún ọdún 2022 ni pé àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú obìnrin tó lé ní 32,000 ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn, ó sì pa àwọn tó lé ní 16,000. Ìwádìí ABC-DO, tó tọ àwọn aláìsàn lẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè 5 nílẹ̀ Áfíríkà, gbé èsì jáde ní 2020: nínú 100 obìnrin tí wọ́n tọ́pa ní Nàìjíríà, nǹkan bí 36 ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 3. Apá ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ n kò rí ìdí tí a ó fi rò pé tiwa sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùwádìí kan náà ṣírò pé bí obìnrin 100 tí kò tíì tó ẹni 50 ọdún bá kú, ọmọ 210 ló di aláìníyàá.

Ìdànrè jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí kòkó ti pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Àlejò tó wá wo àwọn àpáta rí ìlú. Kò rí àwọn abúlé inú oko níbi tí iṣẹ́ wà. Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kìn-ín-ní ni ìkórè ńlá. Wọ́n á fi àdá tàbí kùmọ̀ la èso, àwọn obìnrin á fi ìka tú hóró tó ń yọ̀ jáde, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, kí wọ́n tó sá a. Orí pèpéle sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tú u káàkiri, ojú wọn á sì máa wà lọ́dọ̀ òjò. Oṣù kẹwàá tí gbogbo ayé fi ń la ènìyàn lọ́yẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọyàn bọ́ sáàárín iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹni tó bá pe obìnrin oko sí ìpàdé aláṣọ píǹkì lọ́sàn-án oṣù kẹwàá ń bá kòkó tó wà lóòrùn du ènìyàn ni, mo sì mọ ẹni tí yóò borí.

Ìtọ́jú kò mọ sáà kòkó. Oògùn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fà sínú iṣan sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ 21, ìgbà 4, 6 tàbí 8. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, wọ́n á ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, owó ọkọ̀ ọjọ́ yẹn sì ti wọgbó. Àkúrẹ́ kò jìnnà. Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ilé-Ifẹ̀ náà ní ilé ìwòsàn ńlá. Bó bá wá kan ìtànṣán, ibi bíi ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ni, tàbí ibùdó tí wọ́n ṣí ní ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó ní 2019. Ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 5. Ẹni tó ń ṣe èyí kò rìnrìn àjò, ó ti kó lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹgbẹ́ alásàlátù àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà mọ bí a ti ń dá owó. Ṣùgbọ́n nǹkan ọlọ́jọ́ kan ni wọ́n mọ̀ ọ́n dá sí: ìsìnkú, ìkómọ, ìgbéyàwó. A dá a, a ná an, ó parí. Fún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ gbogbo ènìyàn á na ọwọ́. Nígbà tó bá fi di ìkẹta, ọwọ́ á dín. Tó bá di ìkarùn-ún, ojú á ti máa ti aláìsàn láti tún yọjú. Àjọ tí òun fúnra rẹ̀ ń dá gan-an ń kọ ọ́ lóminú: bí àṣírí àìsàn rẹ̀ bá tú kó tó kó àjọ náà, àwọn tí wọ́n jọ ń dá a lè máa bẹ̀rù pé tó bá kó o tán, kò ní lè máa dá a lọ. Nítorí náà, bí obìnrin bá pa kókó ọyàn mọ́ra, kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ó ti ṣírò.

Àwọn kan á ní àìmọ̀kan ni, pé àgbo àti ilé àdúrà ló ń pa wọ́n. Òótọ́ wà ńbẹ̀, àmọ́ kò jinlẹ̀ tó. Ẹlẹ́wé ọmọ wa lè ta àwìn. Ilé àdúrà ń fún aláìsàn ní ẹní tí yóò sùn lé àti ènìyàn tí yóò pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀. Èwo nínú ilé ìwòsàn wa ló ń ṣe méjèèjì?

Ohun tí mo rò pé ó bá ìtọ́jú yìí mu ni àáró. Àáró kì í ṣe ọjọ́ kan: oko tèmi lónìí, oko tìẹ lọ́la, títí yóò fi kárí. Bí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ 8, kí obìnrin 8 mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kàn ni yóò bá aláìsàn lọ, tí yóò san ọkọ̀, tí yóò rí i pé kòkó rẹ̀ kò rà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí ẹrù náà yóò wọ̀ lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì, aláìsàn kò sì ní máa tọrọ. Ẹnìkan lè ní àáró gbọ́dọ̀ ní àsan, pé aláìsàn kò lè san án. Ó lè san án: ó lè jókòó ti ọjà ẹlòmíràn, ó sì lè di ẹni tó mú obìnrin tó kàn lọ sílé ìwòsàn. Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu, tí wọ́n rí àrùn yìí lára rẹ̀ ní 1997, tó dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọyàn, sílẹ̀, tó sì jẹ́ ìyàwó gómìnà Oǹdó láti 2017 sí 2023, ti fi hàn pé ẹni tó la á já tó ń sọ ọ́ ní gbangba wúlò ju ìwé àlẹ̀mógiri lọ. Àmọ́ obìnrin tó mọ ọ̀nà UCH ni. Ìdànrè nílò irú rẹ̀ nínú àwọn tó ń tú kòkó.

Nínú iṣẹ́ ọwọ́ ni àáró yìí yóò ti wúlò jù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ yọ àwọn kókó abíyá, apá lè wú nígbàkígbà. Dókítà á ní kó má gbé ẹrù wúwo, kó má jẹ́ kí nǹkan gé e. Ẹ sọ ìyẹn fún ẹni tó ń ru apẹ̀rẹ̀ kòkó, tí àdá kò jìnnà sí ìka rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni.

Kí ìjọba má sì fi èyí ṣe àwáwí. Àáró kò lè ra ẹ̀rọ ìtànṣán, kò sì yẹ kó jẹ́ òun ni yóò máa ra oògùn oníhóró tí àwọn kan ń lò lójoojúmọ́ fún ọdún 5. Nǹkan kan wà tí kò gbówó lórí: kí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìdànrè máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọjọ́ tó ṣáájú abẹ́rẹ́, kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ lórí fóònù sí dókítà tí yóò fà á. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì tó á mọ̀ kó tó wọkọ̀, ẹni tí àáró kàn á sì mọ ọjọ́ tí yóò fi oko sílẹ̀.