Ẹ̀gẹ́, Eku àti Ẹsẹ̀ Ará Òsósà

"Iṣan" ni Yorùbá ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Òun náà ni à ń pe okùn tí ó so ẹran mọ́ eegun. Òun náà sì ni ọpọlọ fi ń rán iṣẹ́ sí ẹsẹ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ lítíréṣọ̀ kò rí àbùkù nínú èyí. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tí kò bá ya iṣan kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì yóò dá ẹjọ́ òdì.

Ní 1968 ni B. O. Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ ìwádìí jáde lórí àrùn kan tí í mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ máa ta ènìyàn tàbí kí ó kú tipiri, tí í mú kí ènìyàn máa ta gbọ̀ngbọ̀n, tí ó sì lè ba ojú àti etí jẹ́. Ní 1969 a ti ka Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, mọ́ ibi tí àrùn náà gbé pọ̀. Sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ni a fura sí, Ọ̀ṣúntókun sì fi ẹ̀gẹ́ bọ́ eku láti wádìí rẹ̀. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1970.

Kí ni eku lè sọ fún wa? Àwọn onímọ̀ a máa fi àrò sínú ọpọlọ eku, wọn a sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Nípa báyìí ni a fi mọ̀ pé ìhà ẹ̀yìn mùdùnmúdùn náà ni ọ̀pọ̀ iṣan tí ń gbé àṣẹ ìrìn sọ̀kalẹ̀ gbà kọjá lára eku, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ gbà lára ènìyàn. Eku kì í ṣe ènìyàn kékeré.

Ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ yìí ni konzo ń bà jẹ́, àrùn tí Trolli ṣàpèjúwe ní Kóńgò ní 1938, tí í mú kí ẹsẹ̀ le gbagidi. Ṣùgbọ́n ní Òsósà, iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára gòkè láti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn jù: bí aláìsàn bá di ojú, kò lè dúró ṣinṣin. Àrùn méjì, ọ̀nà méjì; síbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni a nawọ́ sí nínú méjèèjì.

Ní 2000, O. S. A. Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àrùn náà ṣì wà ní Òsósà, lára nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 tí wọ́n ti tó ọdún 10 sókè. Ní 2002, wọ́n ròyìn ìlú mìíràn tí sáyánáìdì inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ pọ̀ níbẹ̀, tí àrùn náà kò sì pọ̀.

Àwọn ìyá wa ní Ìjẹ̀bú a rin ẹ̀gẹ́, wọn a jẹ́ kí ó kan, wọn a fún omi rẹ̀, wọn a sì yan án. Ọ̀pọ̀ májèlé rẹ̀ a bá omi àti ooru lọ. Bí a bá dá gàrí wọn lẹ́bi láìsí ẹ̀rí tí ó pé, a ba òwò wọn jẹ́, a kò sì tíì mọ ohun tí ń ṣe ẹni tí ń ta gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ń tọ ipasẹ̀, ibi tí ipasẹ̀ bá pin sí ni kí ó sọ pé òun dé.