Hampton Roads Kọ́ Ni Ọkọ̀ Ogun Onírin Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ń ka ìtàn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà kì í pẹ́ kan gbólóhùn yìí: pé ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 1862, lójú omi Hampton Roads, ni ayé kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ogun onírin, nígbà tí Monitor ti Àríwá kojú Merrimack ti Gúúsù. Àṣìṣe ni, ó sì ti pẹ́ jù nílẹ̀.

Ó lé ní ọdún mẹ́fà ṣáájú, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1855, nígbà ogun Crimea, àwọn Faransé ti kó ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi irin bò lọ dojú kọ odi Rọ́ṣíà ní Kinburn. Dévastation, Lave àti Tonnante ni orúkọ wọn. Ọta àgbá ń bà wọ́n, ó ń ta dànù. Lọ́dún 1859, Faransé sọ Gloire sómi ní Toulon: igi ni ara rẹ̀, irin ni ẹ̀wù rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi ọwọ́ lẹ́rán máa wò wọ́n. Wọ́n kan Warrior létí odò Thames, irin ni wọ́n sì fi kan ara òun pàápàá. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 1861, kí a tó gbọ́ orúkọ Monitor lójú ogun.

Kódà nínú ogun abẹ́lé yẹn náà, ọkọ̀ onírin Àríwá ti yin àgbá lu Fort Henry lórí odò Tennessee ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1862.

Kí ló wá jẹ́ tuntun ní Hampton Roads? Ọkọ̀ onírin kò tíì bá ọkọ̀ onírin jà rí. Ìyẹn nìkan ni, kì í sì í ṣe nǹkan kékeré. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi yin àgbá lu ara wọn, èkíní kò lè ri èkejì. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló da jìnnìjìnnì bo àwọn èèyàn: ọkọ̀ Gúúsù yẹn kan Cumberland ti Àríwá ní ìhà, Cumberland sì rì; ọkọ̀ Gúúsù náà tún dáná sun Congress, onígi ni àwọn ọkọ̀ Àríwá méjèèjì. Ìbẹ̀rù ọjọ́ náà ló sọ ìjà náà di ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan lẹ́nu àwọn òpìtàn.

Orúkọ ọkọ̀ Gúúsù náà tún ní àtúnṣe. Merrimack ni ọkọ̀ onígi tí àwọn Àríwá fúnra wọn dáná sun ní oṣù Kẹrin ọdún 1861, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Àwọn Gúúsù yọ òkú rẹ̀ nínú omi, wọ́n fi irin tó nípọn tó íǹṣì mẹ́rin bo òkè rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Virginia ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1862. Orúkọ yẹn ló jẹ́ nígbà tó lọ jà.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí èbúté Norfolk bọ́ lọ́wọ́ Gúúsù, ọkọ̀ náà kò rí ọ̀nà sá lọ, torí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn nínú omi ju ohun tí odò James lè gbé lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, àwọn atukọ̀ rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn dáná sun ún.