Bí Tòlótòló Ṣe Di Ẹran Ọdẹ ní Hawaii

Lóṣù kẹta, kí ilẹ̀ tó mọ́, òtútù a máa mú gidigidi ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mauna Kea, òkè ayọnáyèéfín tó ga ní mítà 4,207 ní erékùṣù tó tóbi jù ní Hawaii. Ẹni tó bá rò pé kìkì iyanrìn etíkun àti igi àgbọn ló wà níbẹ̀ yóò wá ẹ̀wù òtútù kiri. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni àwọn ọdẹ láti onírúurú ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń wọ ọkọ̀ òfuurufú kọjá òkun Pàsífíìkì, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún láti California nìkan, nítorí tòlótòló igbó.

Ìdí kan wà tí wọn kò fi lè yẹ ibẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà, 49 ló ní tòlótòló igbó; Alaska nìkan ni kò ní. Àwọn ọdẹ kan sì ti fi ṣe àfojúsùn ayé wọn pé àwọn yóò pa ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ bá rìn títí tí kò dé Hawaii, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ṣùgbọ́n kí ni ọdẹ yìí ń rí nígbà tí ojúmọ́ bá là? Ẹyẹ tó ń lé, koríko tó ń tẹ̀, igi tí ẹyẹ náà ń jẹ èso rẹ̀, màlúù tó dúró lápá kan tó ń jẹko: àlejò ni gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà ní Hawaii ní igba ọdún ó lé àádọ́ta sẹ́yìn. Kí ènìyàn tó kọ́kọ́ dé àwọn erékùṣù yìí, àdán nìkan ni ẹranko afọ́mọlọ́mú tó ń gbé orí ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn ará Polynesia tó kọ́kọ́ tẹ̀dó ló mú ẹlẹ́dẹ̀, ajá àti adìyẹ wá nínú ọkọ̀ wọn.

Iṣẹ́ ẹyẹ mímú wà ní Hawaii kí òyìnbó kankan tó dé, iṣẹ́ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ni. Kia manu ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe é. Inú igbó orí òkè ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Oje igi ni wọ́n fi ń ṣe àtè, wọ́n á kùn ún sára ọ̀pá, wọ́n á sì rì í mọ́ ibi tí òdòdó ti tanná, níbi tí àwọn ẹyẹ ti ń wá mu omi adùn. Ìyẹ́ ni wọ́n ń wá, nítorí ẹ̀wù oníyẹ̀ẹ́ ni ọba àti àwọn ìjòyè fi ń ṣẹ̀ṣọ́. Ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní mamo dúdú látòkè délẹ̀, àfi ìwọ̀nba ìyẹ́ aláwọ̀ ìyeyè lára rẹ̀. Ẹ̀wù ìlékè Ọba Kamehameha Kìíní, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bishop Museum ní Honolulu títí di òní, ìyẹ́ mamo ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ṣírò pé ìyẹ́ láti ara ẹyẹ bí 80,000 ló wọnú rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìran ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọdẹ jẹ́ ní Hawaii, ọ̀dọ̀ àwọn alátè yìí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1778, ọ̀gákọ̀ James Cook fi ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ òyìnbó sílẹ̀ ní erékùṣù Niihau. Lọ́dún 1793, ọ̀gákọ̀ mìíràn, George Vancouver, kó màlúù àti àgùntàn wá ta Kamehameha lọ́rẹ, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi èèwọ̀ dè wọ́n fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n lè bí sí i. Ọba gbà. Màlúù bí, wọ́n rẹ̀, wọ́n wọ inú igbó, wọ́n sì ń jẹ oko àwọn aráàlú run. Nígbà tó yá, ọba fún John Palmer Parker, atukọ̀ ará Massachusetts kan tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ tó jókòó sí Hawaii, láṣẹ láti máa fi ìbọn pa wọ́n. Parker fẹ́ ọmọ-ọmọ ọba, ó sì dá ọgbà màlúù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1847. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní àwọn ọdún 1830, àwọn ẹlẹ́ṣin láti Mẹ́síkò ti dé láti kọ́ àwọn ọmọ Hawaii bí a ṣe ń fi okùn mú màlúù lórí ẹṣin. Ọdẹ màlúù ni ìbọn kọ́kọ́ dá sílẹ̀ lórí Mauna Kea.

Inú ayé ẹran ọ̀sìn yìí ni tòlótòló bá wọlé. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ fi hàn pé àwọn kan dé láti Chile lọ́dún 1815. Tòlótòló ilé ni wọ́n, ìran èyí tí àwọn ará Mẹ́síkò ti ń sìn kí àwọn ará Sípéènì tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó wà ní ọgbà màlúù kò pẹ́ tí wọ́n fi ya igbó.

Oúnjẹ wọn náà dé láìpẹ́. Lọ́dún 1828, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, ọmọ Faransé, Alexis Bachelot, gbin irúgbìn igi kan sí àgbàlá ìjọ ní Honolulu. Kiawe ni wọ́n ń pe igi náà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ẹ̀gún wà lára rẹ̀, èso rẹ̀ sì dùn lẹ́nu ẹran. Màlúù ń jẹ èso náà, wọ́n ń yàgbẹ́ irúgbìn rẹ̀ síbi tí wọ́n bá rìn dé, kiawe sì ń hù. Bí apá gbígbẹ ọ̀pọ̀ erékùṣù ṣe di igbó ẹlẹ́gùn-ún nìyẹn, tí tòlótòló sì rí ibi tó ti lè jẹun yó.

Àwọn tòlótòló àkọ́kọ́ yìí kọ́ ni ọdẹ òde òní ń wá lọ, nítorí iye wọn dín kù nígbà tó yá. Láti mọ ibi tí àwọn tuntun ti wá, a ní láti padà sí Amẹ́ríkà gan-an. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tòlótòló igbó tán níbẹ̀. Wọ́n gé igbó, wọ́n ń fi ẹran rẹ̀ ṣòwò ọjà, ẹyẹ náà sì pòórá pátápátá nínú ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Òfin Pittman-Robertson ti ọdún 1937 ló yí ọ̀rọ̀ padà: owó orí tí ọdẹ ń san lórí ìbọn àti ọta, òfin yẹn ní kí wọ́n máa fi tọ́jú ẹranko igbó. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́ ọgbọ́n àwọ̀n ńlá tí ẹ̀tù ń gbé fò lé agbo ẹyẹ lórí bí wọ́n ti ń ṣa àgbàdo jẹ. Wọ́n ń mú wọn láàyè, wọ́n ń kó wọn lọ síbi tí wọn kò sí mọ́. Texas, níbi tí ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Rio Grande kò ti tán, di ibi tí wọ́n ti ń bu irúgbìn.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1959 ni Hawaii di ìpínlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tòlótòló Rio Grande láti Texas dé. Ilẹ̀ gbígbẹ tó ní koríko àti igi díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀yà yìí fẹ́, irú rẹ̀ gan-an sì ni ilẹ̀ ọgbà màlúù Puu Waawaa lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Hualalai. Lásìkò kan náà ni wọ́n ń tú oríṣiríṣi ẹyẹ ọdẹ mìíràn sílẹ̀ ní ọgbà náà. Kalij, ẹyẹ láti òkè Himalaya, débẹ̀ lọ́dún 1962. Èrò ìgbà yẹn ni pé ilẹ̀ tí kò ní ẹran ọdẹ tirẹ̀, ó yẹ kí a fún un. Ó hàn gbangba lónìí pé àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ka àwọn ẹyẹ tó ni igbó náà sí tó bó ṣe yẹ.

Bí ọdẹ tòlótòló ṣe ń lọ lè yé ẹnikẹ́ni tó ti rí akọ tòlótòló ní àgbàlá nígbà tó bá fẹ ìrù, tó ń wọ́ ìyẹ́ nílẹ̀. Lóru, orí igi ni wọ́n ń sùn. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, akọ á ké kí abo lè gbọ́. Ọdẹ tó ti jókòó ti ìdí igi kan láti òru á fi ohun èlò onígi tàbí ti abẹ́ ahọ́n ké bí abo, á sì dúró láìmira títí akọ á fi rìn sún mọ́ ọn. Ojú ẹyẹ yìí mú gan-an. Bí ọwọ́ ọdẹ bá yẹ̀ díẹ̀, ó ti lọ. Àpáta yíyọ́ ti òkè ayọnáyèéfín tó ti dì sí òkúta ṣóńṣó sì ń gé bàtà ẹni tó bá ń sá tẹ̀ lé e. Nígbà ìrúwé, èyí tó ní irùngbọ̀n láyà nìkan ni òfin gbà kí wọ́n pa. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: akọ kan ń gun abo púpọ̀, abo nìkan ló sì ń sàba tó ń tọ́ ọmọ.

Àwọn àlejò mìíràn tó bá ọkọ̀ wọlé kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Ẹ̀fọn dé Lahaina ní Maui lọ́dún 1826, àìsàn tó sì ń gbé kiri ti pa àwọn ẹyẹ ìbílẹ̀ nípakúpa. Mamo kò sí mọ́ láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lọ́dún 1883, àwọn olóko ìrèké ra ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní mongúùsì láti Jàmáíkà kí ó lè máa pa eku, ṣùgbọ́n ẹyin ẹyẹ tó ń sàba nílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Tòlótòló pàápàá ń fara gbá a. Erékùṣù Lanai kò ní mongúùsì, tòlótòló sì wà níbẹ̀.

Lórí Mauna Kea fúnra rẹ̀, ẹyẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní palila. Irúgbìn igi māmane ni oúnjẹ rẹ̀, àgùntàn àti ewúrẹ́ tó ya igbó sì ń jẹ ọmọ igi náà kó tó dàgbà. Àwọn olùgbèjà ẹyẹ gbé ìjọba ìpínlẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, orúkọ ẹyẹ náà ni wọ́n sì fi pe ẹjọ́. Lọ́dún 1979, Adájọ́ Samuel King pàṣẹ pé kí wọ́n kó àgùntàn àti ewúrẹ́ kúrò. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i lọ́dún 1981. Ó dun àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ wọnú egungun, nítorí ẹran tí ìdílé wọn ń jẹ ni. Ìrora wọn kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n palila kò ní òkè mìíràn láyé tó lè lọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni ilé ẹjọ́ rí. Ẹjọ́ náà kò kan tòlótòló.

Lónìí, ọdẹ àlejò tó bá dé gbọ́dọ̀ forúkọ ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kó gba ìwé àṣẹ, kó sì fi hàn pé òun ti kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò. Ní ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ ọdẹ ti ìjọba, àtìbàbà kékeré kan wà níbi tí òun àti ọdẹ ìbílẹ̀ ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Bí wọ́n bá jáde, wọ́n á kọ iye ẹyẹ tí wọ́n pa, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka igbó á sì fi iye náà mọ bí agbo tòlótòló ṣe ń ṣe sí.