Láti Ojú Ọ̀run sí Ojú Ẹ̀rọ: Ìtàn Àsọtẹ́lẹ̀ Òjò fún Àwọn Àgbẹ̀ ní Ìjagun àti Agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò bí àwọn àgbẹ̀ Ìjagun àti àwọn abúlé tó yí Ìjẹ̀bú-Òde ká ṣe ń mọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, láti ayé àwọn baba ńlá wọn títí di òní. Ó tọpa iṣẹ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ ti ìjọba láti ọdún 1937, ó sì fi hàn pé kì í ṣe àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rò nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Èrò tó jẹ yọ ni pé ìmọ̀ àwọn àgbà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ kò tako ara wọn. Èdè ló là wọ́n láàárín, olùkọ́ ló sì wà ní ipò láti so wọ́n pọ̀.

1.0 Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Àìṣojúsàájú òjò ni òwe yìí ń sọ, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀ fún àgbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí òjò ń bọ̀ ni òjò ń bá lójijì, ẹni náà ni ọ̀dá sì ń bá lójijì. Bí àgbẹ̀ bá gbin àgbàdo nítorí òjò kan ṣoṣo tó rọ̀, tí ọ̀dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì tẹ̀ lé e, irúgbìn náà yóò jóná sínú ebè. Yóò tún irúgbìn rà, yóò tún alágbàṣe bẹ̀, èrè ọdún náà yóò sì ti bá owó náà lọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ni àsọtẹ́lẹ̀ òjò. Nítorí náà ni ìtàn rẹ̀ fi yẹ fún àyẹ̀wò.

2.0 Bí Òjò Ṣe Ń Rọ̀ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú
Ìjagun wà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì jìnnà púpọ̀ sí ọ̀sà àti òkun. Atẹ́gùn méjì ló ń jọba lórí ọdún níbẹ̀. Èkíní ni atẹ́gùn olómi tí ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti orí òkun Àtìláńtíìkì. Èkejì ni atẹ́gùn gbígbẹ tí ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, èyí tí ń gbé ọyẹ́ wá. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé kì í dúró lójú kan. Bí oòrùn bá ń lọ sí àríwá, á tẹ̀ lé e. Bí oòrùn bá ń padà sí gúúsù, òun náà á padà.

Ìrìnàjò ibi ìpàdé yìí ló pín ìgbà òjò sí méjì. Òjò àkọ́rọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, a sì máa le jù ní Òkúdù àti Agẹmọ. Nígbà tí oṣù Ògún bá dé, ibi ìpàdé náà ti jìnnà sí àríwá, omi òkun tó wà létí ilẹ̀ wa á sì tutù, òjò á sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òjò àrọ̀kúrò á dé ní Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà, tí Bélú á sì kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, òjò tí ń rọ̀ ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde máa ń lé ní 1,400 mìlímítà. Kì í ṣe àìtó òjò ni ìṣòro àgbẹ̀ ibẹ̀ nígbà gbogbo, bí kò ṣe àkókò rẹ̀.

3.0 Ìmọ̀ Àwọn Àgbà
Orúkọ oṣù fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn baba wa ti ń ṣọ́ ojú ọ̀run tipẹ́. Ọ̀wàrà, orúkọ oṣù kẹwàá, bá ọ̀wàrà òjò tí ń rọ̀ lákòókò náà mu. Oṣù Agẹmọ ń jẹ́ orúkọ ọdún ńlá tí àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún fi ń rin ìrìn láti ìlú wọn lọ sí Ìmọ̀sàn. Nígbà tí kò sí kàlẹ́ńdà lára ògiri, ọdún tó ń bọ̀ lákòókò kan náà lọ́dọọdún jẹ́ òpó tí àgbẹ̀ lè fi wọn iṣẹ́ oko rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, àwọn àgbẹ̀ ń wo ẹ̀dá àyíká. Ooru òru tí ń mú ara làágùn, àti bí atẹ́gùn ṣe ń yí ìhà padà, a máa sọ fún wọn pé òjò kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ̀sùnsùn bá ń fò yí iná ká, wọ́n mọ̀ pé omi ti wọ ilẹ̀. Bí lékeléke bá fara hàn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Àwọn àmì wọ̀nyí kì í ṣe àròsọ lásán. Ooru òru ń wá láti inú ọ̀rinrin tí atẹ́gùn òkun gbé wá, lékeléke náà sì jẹ́ ẹyẹ tí ń ṣí kiri pẹ̀lú ìgbà.

Síbẹ̀, ìmọ̀ yìí ní ààlà. Ó lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lónìí tàbí lọ́la. Kò lè sọ bóyá ọ̀dá yóò já òjò àkọ́rọ̀ sí méjì ní oṣù tó ń bọ̀. Ọgbọ́n tí àwọn àgbà fi dí àlàfo yìí ni pé wọn kì í kó gbogbo irúgbìn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n á gbin àgbàdo díẹ̀, wọ́n á kọ ebè ewùrà, wọ́n á sì ri ẹ̀gẹ́ sáàárín. Ẹ̀gẹ́ tó ti fìdí múlẹ̀ lè fara da ọ̀dá ju àgbàdo lọ. Èyí wà lára ohun tó mú un tẹ́wọ́ gba àgbẹ̀ ní ilẹ̀ tí gààrí rẹ̀ lókìkí káàkiri Nàìjíríà.

4.0 Iṣẹ́ Ìmọ̀ Ojú Ọjọ́ ti Ìjọba
Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892. Ní 1899, ìjọba amúnisìn dá oko àdánwò Moor Plantation sílẹ̀ ní Ìbàdàn, nítorí ohun ọ̀gbìn tí wọ́n lè kó ránṣẹ́ sí òkè òkun jẹ wọ́n lógún. Ní 1937 ni wọ́n wá dá iṣẹ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ọkọ̀ òfuurufú ló jẹ wọ́n lógún jù níbẹ̀, Ogun Àgbáyé Kejì sì tún fìdí èyí múlẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, ìjọba Nàìjíríà gba iṣẹ́ náà, Nàìjíríà sì di ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìmọ̀ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ni iṣẹ́ náà wá wà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ibùdó ìwòye fi wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò ní pápákọ̀, wà lára àwọn ìlú tó ní ibùdó ìwòye síbẹ̀, àǹfààní tí kò kéré sì ni fún Ìjagun tó wà nítòsí.

Ìyà ló mú ìjọba rántí àgbẹ̀. Ọ̀dá tó ṣẹlẹ̀ ní Sàhẹ́lì láàárín 1968 sí 1974 pa ẹran ọ̀sìn, ó sì mú ìyàn wá. Ní 1974, àwọn orílẹ̀-èdè Sàhẹ́lì dá ibùdó AGRHYMET sílẹ̀ ní Niamey láti so ìmọ̀ òjò mọ́ iṣẹ́ oko. Ní Nàìjíríà, àjọ ìdàgbàsókè agbami odò Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ọ̀dá ọdún 1983 tún fi hàn pé igbó kò bọ́ nínú ewu. Ní Ghana, iná jó ọ̀pọ̀ oko kòkó ráúráú.

Ní 2003 ni òfin sọ iṣẹ́ náà di Àjọ Ìmọ̀ Ojú Ọjọ́ ti Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NiMet. Lónìí, àjọ náà ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: ọjọ́ tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, bí yóò ti pọ̀ tó, àti ibi tí ọ̀dá àárín òjò lè ti wáyé. Ohun gan-an tí ìmọ̀ àwọn àgbà kò lè sọ nìyí.

5.0 Ibi Tí Ìṣòro Wà
Àsọtẹ́lẹ̀ náà wà, ṣùgbọ́n ó ní láti dé etí àgbẹ̀ kí ó tó wúlò. Ìṣòro mẹ́ta ló hàn. Èkíní ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, àlàyé tó sì kún inú rẹ̀ ṣòro fún ẹni tí kò kàwé. NiMet ti bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá àti àwọn èdè mìíràn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ nìkan kò tó bí kò bá sí ẹni tí yóò ṣàlàyé.

Èkejì ni ìtumọ̀ “ìbẹ̀rẹ̀ òjò”. Lójú onímọ̀, kì í ṣe òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, bí kò ṣe òjò tó pọ̀ tó láti gbìn, tí ọ̀dá gígùn kò sì tẹ̀ lé. Àgbẹ̀ tó dàgbà mọ èyí. Kì í fi òjò kan ṣoṣo gbìn. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé àwọn ń sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni àyè. Òjò lè rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ilẹ̀ Ìjagun gbẹ. Ibùdó kan ṣoṣo kò lè rí gbogbo oko.

6.0 Iṣẹ́ Olùkọ́
Ìlú àwọn olùkọ́ ni Ìjagun, ibẹ̀ ni wọ́n dá Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin sílẹ̀ sí ní 2005. Kò yẹ kí irú ìlú bẹ́ẹ̀ máa wo àgbẹ̀ rẹ̀ níran. Ohun èlò ìwọn òjò kò wọ́n. Agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́, tí a gbé sí gbangba, pẹ̀lú rúlà, tó láti bẹ̀rẹ̀. Òjò mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó jẹ́ omi lítà kan. Nítorí náà, òjò 20 mìlímítà lórí hẹ́kítà kan jẹ́ 200,000 lítà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe ìṣirò yìí yóò mọ ìdí tí òjò wẹẹrẹ kò fi tó fún àgbàdo.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá ń kọ ìwọ̀n òjò rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bi àwọn òbí wọn léèrè nípa àmì tí wọ́n rí, tí wọ́n sì ń fi méjèèjì wé àsọtẹ́lẹ̀ NiMet ní èdè Yorùbá, àkọsílẹ̀ ọdún díẹ̀ yóò fi àmì tó ṣeé gbára lé hàn yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ èèṣì.

7.0 Àgbálọgbábọ̀
Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò fìgbà kan wà láìní àsọtẹ́lẹ̀. Ojú ọ̀run, ẹyẹ àti kòkòrò ni ìwé rẹ̀. Ìjọba mú ìwé mìíràn dé ní 1937, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i fún àgbẹ̀. Bí àwọn ìwé méjèèjì kò bá wà nínú èdè tí àgbẹ̀ ń sọ, irúgbìn yóò máa jóná sínú ebè lẹ́yìn òjò kan ṣoṣo. Olùkọ́ tó bá lè ka méjèèjì sí etí àgbẹ̀ ti gba oúnjẹ ọdún kan là.