Ó Páàkì sí Páàkì

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò dọṣẹ. Ìkìlọ̀ ẹgbẹ́ ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí ṣe fún ọmọ: irú ẹni tí o bá ń bá rìn ni wàá fìwà jọ. Ìtumọ̀ yẹn tọ̀nà, àmọ́ ó fo ọ̀rọ̀ kan tó gbé òwe náà ró, ìyẹn "pẹ́". Ewé tí wọ́n fi di ọṣẹ dúdú lónìí ṣì ń jẹ́ ewé lónìí. Ẹni tó bá tú u á ṣí i kúrò láìfà á ya. Ìgbà tó bá ti pẹ́ níbẹ̀, tó rọ̀, tó rà mọ́ ọn, ni a kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí mọ́, tí a ó sì bu méjèèjì wẹ̀ pọ̀. Ohun kejì wà nínú òwe náà tí etí wa kì í sábà gbé: ewé ló ń dọṣẹ. Àwọn baba wa kò sọ pé ọṣẹ á di ewé.

Ọ̀rọ̀ àyálò ni mo fẹ́ fi òwe yìí yẹ̀ wò, pàápàá irú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ níbì kan, tó tún jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe níbòmíràn, tí ìrísí rẹ̀ kò sì yí padà rárá. Sabon Gari, ní ìlú Kano, ni mo sì fẹ́ gbé e lé, nítorí pé níbẹ̀, Yorùbá àti Háúsá jọ gba ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní ojú pópó kan náà, oníkálukú sì fi òfin ilé tirẹ̀ gbà á.

Ọdún 1911 ni rélùwéè dé Kano. Àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò tó bá a wá láti Gúúsù, àti àwọn mìíràn láti Gold Coast àti Sàró, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún lẹ́yìn odi ìlú àtijọ́. Àwọn Háúsá pe ibẹ̀ ní Sabon Gari, ìlú tuntun. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà síbẹ̀ ń sọ Yorùbá nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó ń ná Háúsá lọ́jà, ó sì ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ́fíìsì. Ní 1916, wọ́n dá àdúgbò àwọn Háúsá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, orúkọ tó sì mọ́ ọn lára ni Sábó. Ẹ kíyè sí ohun tí a ṣe níbẹ̀. Lédè Háúsá, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni sabo, "tuntun" ló túmọ̀ sí. Gari gan-an ni orúkọ. Àwa fi gari sílẹ̀, a mú "tuntun" nìkan, a sì sọ ọ́ di orúkọ àdúgbò. Ọ̀rọ̀ tó ń ti èdè kan bọ́ sí èkejì lè má gbé ipò rẹ̀ wá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí àwọn ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Gúúsù máa ń wà, lágbègbè New Road. Gbólóhùn tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni "Dẹ́rẹ́bà ti páàkì sí páàkì." Kò sẹ́ni tó máa béèrè pé èwo ni èwo. Páàkì àkọ́kọ́ ni ohun tí dẹ́rẹ́bà ṣe. Páàkì kejì ni ibi tó ti ṣe é.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò rí báyìí látilẹ̀. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, lufu ni wọ́n ń pe ìfẹ́, lufian sì ni wọ́n ń pè é bí ènìyàn bá fẹ́ràn ẹlòmíràn. Ìparí ọ̀rọ̀ ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Bí ọ̀rúndún ti ń gorí ọ̀rúndún, àwọn ìparí wọ̀nyẹn já dànù lẹ́nu, méjèèjì sì di love. Láti ìgbà náà, wẹ́rẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ orúkọ di ìṣe. Park gan-an jẹ́ orúkọ kó tó di ìṣe: ilẹ̀ tí a sọgbà yí ká ni, ó di ibi tí àwọn ológun ń to àgbá àti kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn sí, kó tó wá di pé ènìyàn gbé ọkọ̀ dúró.

Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe wa kan tó ń fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀: jó, rìn, sùn, kú, kọ́ńsónáǹtì ló ṣáájú gbogbo wọn. Bí a bá fẹ́ orúkọ lára wọn, a ó wá fáwẹ́lì síwájú: jó di ijó, rìn di ìrìn, kú di ikú. Tàbí kí a lo àpètúnpè: jíjó, rírìn, kíkú. Èyíkéyìí tí a bá yàn ló ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ní "ijó yẹn dùn" kò sọ ohun tí ẹni tó ní "jíjó rẹ̀ dùn" sọ. Lára "lọ" nìkan a ní àlọ, ìlọ àti lílọ. Àlọ ń retí àbọ̀, lílọ kò retí ohunkóhun. Ọrọ̀ ńlá lèyí jẹ́, mo sì ń rò pé a kì í fi han àwọn ọmọ wa tó.

T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí a ti ń fi fáwẹ́lì iwájú dá orúkọ sílẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe nínú ìwé gírámà Yorùbá tó tẹ̀ jáde ní 1858. Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára ibi tó ti ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ náà ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú Òkè Ọya, Kano sì wà lára wọn. Inú mi máa ń dùn sí i pé òfin tí Bowen kọ sílẹ̀ ti bá rélùwéè dé Sabon Gari, lẹ́nu àwọn tí kò ka ìwé náà rí.

Báwo wá ni páàkì ṣe rí àyè láàrin àwọn òfin wọ̀nyí? Kọ́ńsónáǹtì ló fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ojú ọ̀rọ̀-ìṣe la fi wò ó: ó ń páàkì, kò páàkì dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ páàkì síbí. Ní ti orúkọ, àwọn díẹ̀ wà nílé tí kò ní fáwẹ́lì níwájú, bíi bàtà àti gèlè. Páàkì bá wọn jókòó: páàkì yìí, páàkì wọn. Ipò tó wà nínú gbólóhùn ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́. "Ń" kì í dúró níwájú orúkọ láéláé, kò sì sí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń fi "yìí" yàn.

Àmọ́ ẹ̀rí tó lágbára jù ni ohun tí a ṣe sí i lẹ́yìn tó ti wọlé. A ń sọ pé "pípáàkì sójú títì ló kó o sí wàhálà". A lè sọ pé "àìpáàkì dáadáa rẹ̀ ló fà á". Ẹni tó ni ibẹ̀ la ń pè ní onípáàkì. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló fún wa ní pípáàkì; àpètúnpè tó sọ jó di jíjó ló bí i, ohùn òkè tó wà lórí "pí" sì jẹ́ ohùn tó wà lórí "jí". Ẹni tó bá ní Gẹ̀ẹ́sì lásán ni ọmọ tó sọ pípáàkì ń sọ, kò tíì fetí sílẹ̀.

Síbẹ̀, ewé yìí kò tíì dọṣẹ tán, ibi tí kò tíì dọṣẹ sí sì hàn kedere. Kò sẹ́ni tó ń sọ ìpáàkì bí a ti ń sọ ìrìn, kò sì sí apáàkì bí a ti ní apẹja. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ilé wa máa ń lẹ̀ mọ́ orúkọ tó tẹ̀lé wọn títí fáwẹ́lì kan yóò fi pa rẹ́: ra ẹran di rẹran, ṣe iṣẹ́ di ṣiṣẹ́, kọ́ ẹ̀kọ́ di kẹ́kọ̀ọ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ pé òun "páàkọ̀" nígbà tó gbé ọkọ̀ dúró. Àwọn àfòmọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ti gba àlejò yìí tọwọ́ tẹsẹ̀. Àwọn tó jinlẹ̀ jù wọ́n lọ ṣì ń wò ó.

Dẹ́rẹ́bà Háúsá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ojú pópó gba ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì gbà á lọ́nà mìíràn. Háúsá kò ní p. F ló ń fi rọ́pò rẹ̀. (Àwa náà kò gba p ti Gẹ̀ẹ́sì bó ti wá: ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n la jọ fi ń pe tiwa.) Park di faka, parking di fakin. Faka parí pẹ̀lú a bíi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe Háúsá: ya faka mota, ó gbé mọ́tò dúró. Fakin jẹ́ orúkọ, kò sì lè dá rìn. Yi, tó túmọ̀ sí "ṣe", ló ń gbé e: ya yi fakin. Háúsá kì í sábà fara mọ́ ọn kí ìrísí kan ṣoṣo máa jẹ́ ìṣe, kó tún máa jẹ́ orúkọ, torí náà ó yá ìrísí méjì níbi tí Yorùbá ti yá ẹyọ kan. Ibi tí ọkọ̀ ń dúró fúnra rẹ̀, tasha ni wọ́n ń pè é, láti ara station.

Bákan náà ló rí pẹ̀lú fíláàṣì. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yóò san owó ìṣẹ́jú odidi. Ẹni tí kò ní káàdì á pe ènìyàn, á sì tètè gé e kí onítọ̀hún tó gbé e, kí ìyẹn lè pè é padà. "Ẹ má bínú, Mọ̀mọ́, màá fíláàṣì yín." "Ṣé ẹ rí fíláàṣì mi?" Ìṣe nínú ti àkọ́kọ́, orúkọ nínú ìkejì. Háúsá ní yi min flashing, "ṣe flashing fún mi". Orúkọ náà tún ni, yi náà ló tún gbé e. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, beep ni wọ́n ń pe ohun kan náà. Ní 2003, iléeṣẹ́ Glo dé pẹ̀lú owó tí a ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá, owó ìpè sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti jókòó. Ìtumọ̀ tí a fún un, Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní London kò mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan ń pe gbogbo èyí ní àmúlùmálà, ẹ̀rù wọn kì í sì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni wọ́n pa pọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ nílé fún fíláàṣì kó tó dé; ohun tuntun ló bá orúkọ rẹ̀ wá. Ẹni tó ní "mò ń ẹ́ńjọ́ì", ibo ló gbé gbádùn jù sí? Ọ̀rọ̀ yẹn kò rọ́pò òfo, ó lé onílé jáde ni. Ó tún fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í ṣe, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń dún bí àjèjì létí títí di òní. Irú èyí ni mo máa ń bá àwọn ọmọ jà lé lórí. N kò ní bá wọn jà lórí páàkì.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tuntun ni àwọn baba wa yá orúkọ fún. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó wá máa wọ ilé kiri, Yorùbá mú wo àti ilé, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì di wolé-wolé. Háúsá mú duba, "wò", àti gari, "ìlú", ó pe òṣìṣẹ́ kan náà ní duba-gari. Ọ̀kan wo ilé, èkejì wo ìlú. Àwọn méjèèjì gé orúkọ láti ara ìṣe tó wà nílé wọn, láìtọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó gba òṣìṣẹ́ náà síṣẹ́. Ọ̀nà kan náà ni a gbà rí panápaná. Ó ń dùn mí pé ọwọ́ wa ti fà sẹ́yìn nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò tíì bàjẹ́.

Kano ṣì ń ṣe é. Lábẹ́ ìjọba Gómìnà Ibrahim Shekarau, tó lo 2003 sí 2011, ètò àtúnṣe ìwà kan wà tí wọ́n pè ní A Daidaita Sahu. Gbólóhùn odidi ni, ọ̀rọ̀ ìmáàmù kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀: kí a jẹ́ kí ìlà gún régé. Ètò náà gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jáde fún èrò, orúkọ ètò sì lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́. Ohun tí Èkó ń pè ní Márúwá, láti ara orúkọ Buba Marwa tó jẹ́ gómìnà ológun níbẹ̀, Adaidaita ni nílùú Kano. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sabon Gari ń sọ pé òun wọ Adaidaita wá láti àdúgbò Fagge, bí kẹ̀kẹ́ bá sì pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ó ti ń fi "àwọn" síwájú rẹ̀: àwọn Adaidaita.