Àríyànjiyàn lórí Ìbejì Arìnrìn-àjò nínú Tíọ́rì Rẹlatífítì, 1905–1977

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ìdí tí àríyànjiyàn kan fi pẹ́ nílẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀ físíìsì. Tíọ́rì rẹlatífítì sọ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá fi eré tí ó súnmọ́ ti ìmọ́lẹ̀ rin ìrìn-àjò jìnnà, tí ó sì padà, yóò rí i pé èkejì òun tí ó dúró sílé ti dàgbà ju òun lọ.

Ìbejì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Aago méjì ni Albert Einstein mẹ́nu bà ní 1905: èyí tí a gbé lọ tí a sì gbé padà yóò fà sẹ́yìn díẹ̀. Paul Langevin ni ó fi ènìyàn sí i ní 1911, ní àpéjọ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní ìlú Bologna. Ọdún 2 péré ni arìnrìn-àjò tirẹ̀ lò. 200 ọdún ti kọjá nílé.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń béèrè pé: ǹjẹ́ arìnrìn-àjò náà kò lè sọ pé òun ni ó dúró, pé ilẹ̀ ayé ni ó lọ tí ó sì bọ̀? Herbert Dingle, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, di ìbéèrè yìí mú gírígírí. Òun kan náà ti kọ ìwé láti ṣàlàyé tíọ́rì yìí ní 1922. Nígbà tí òun àti W. H. McCrea ń fèsì fún ara wọn nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1956, ohun tí ó ń sọ ni pé tíọ́rì náà kò bí irú àbájáde bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di 1972, ó ti kọ tíọ́rì náà fúnra rẹ̀.

Lójú tiwa, ìdáhùn ti wà nílẹ̀ láti 1908, nígbà tí Hermann Minkowski fún àkókò tí aago kọ̀ọ̀kan ń kà ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ ní orúkọ: àkókò àdáni. Ọ̀nà méjì lè pínyà kí wọ́n sì tún pàdé, kí àkókò tí a kà lójú wọn má sì dọ́gba. Ẹni tí ó lọ ní láti yí padà kí ó tó lè délé; ẹni tí ó jókòó kò yí padà rárá. Ọ̀ràn àwọn méjèèjì kò rí bákan náà.

Ní 1971, Hafele àti Keating gbé aago átọ́míìkì mẹ́rin wọ ọkọ̀ òfuurufú yí ayé ká, ìyàtọ̀ sì hàn bí tíọ́rì ti wí. Ṣùgbọ́n òòfà ilẹ̀ ní ọwọ́ nínú ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀rí tí ó tún dájú ju èyí lọ jáde ní CERN, ní Geneva, ní 1977: àwọn múọ́nù tí ń sáré yípo, tí ń padà sí ojú kan náà, pẹ́ láyé ní ìlọ́po 29 ju àwọn tí ó dúró lọ.

Aago wo ni ó tọ̀nà? Ìbéèrè tí ó mú kí àríyànjiyàn náà pẹ́ nìyí. Méjèèjì ni ó tọ̀nà. Àkókò kan ṣoṣo tí ìbá dá wọn lẹ́jọ́ ni kò sí.